Níbi tí Àwo Gbé Rì: Ìrìn Wa sí Ìṣẹ̀rì Olówóra

Ọ̀ràn tí a fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀ràn ńlá ní ojú ọlọ́rọ̀, ṣùgbọ́n ní ilé ẹni tí ń ka owó rẹ̀ kí ó tó jáde, ó tó ohun tí ń gba oorun lójú ẹni. Ọ̀ràn náà nìyí: bí mọ́tò ẹni bá gbó, tí ó sì dákú sí ojú ọ̀nà, kí ni kí onílé ṣe? Ṣé kí ó tún un ṣe ni, tàbí kí ó fi í lélẹ̀, kí ó fi owó lé e, kí ó sì gba òmíràn, tàbí kí ó tà á dànù kí ó lọ ra tòkunbọ̀? Ìṣẹ̀rì Olówóra ni ìbéèrè yìí gbé bá wa, ibẹ̀ náà ni a sì gbé rí ìdáhùn rẹ̀. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú yín rin ọ̀nà ibẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹwàá ọdún 2024, àwa àti aya wa gbéra láti Kétu ní agogo méje òwúrọ̀, láti lọ kí àbúrò ìyá wa, àgbàlagbà tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, tí ó sì kọ́ ilé sí Olówóra. Mọ́tò wa ni a wọ̀, Toyota Corolla tí a ṣe ní ọdún 2003, tí a sì rà ní tòkunbọ̀ ní ọdún 2011. Ọdún mẹ́tàlá ni ó ti fi sìn wá. Òun ni ó gbé aya wa dé ilé ìwòsàn ní òru tí a bí àbíkẹ́yìn wa. Òun náà ni ó ń kó ata àti tòmátì rẹ̀ láti ọjà Máìlì 12 lọ sí ìsọ̀ rẹ̀. Bí ó bá dùbúlẹ̀, ìsọ̀ náà yóò dùbúlẹ̀.

A gba Ọjọ́ta kọjá, a sì bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn, èyí tí a ṣí ní ọdún 1978. Níbi tí a ń pè ní Tóòlù Géètì, kò sí géètì kankan mọ́. Ó ti tó ogún ọdún tí a ti wó wọn, orúkọ nìkan ni ó kù. Níwájú díẹ̀ ni afárá tí àwọn ènìyàn ń pè ní Ọ̀tẹ́dọlá. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn ibẹ̀ kì í ṣàìrọra. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 2018, ọkọ̀ agbépo kan ṣubú níbẹ̀, epo rẹ̀ sì gbiná. Ó kéré tán ènìyàn 9 ni ó kú, mọ́tò 54 sì jóná. Ohun tí àwọn aláṣẹ kọ́kọ́ sọ ni pé bíréèkì ọkọ̀ náà ni ó kọṣẹ́. A fi èyí sí ọkàn yín nísinsìnyí, nítorí a ó tún padà sí i: ọ̀ràn mọ́tò gbígbó kì í ṣe ọ̀ràn owó nìkan.

Láti ibẹ̀ a dé Berger ti Òjòdú. Orúkọ ilé-iṣẹ́ Julius Berger, àwọn Jámánì tí ń la ọ̀nà, ni ó fara mọ́ ibùdókọ̀ náà. Kí àlejò má ṣe ṣì í mú fún Berger kejì, èyí tí ó wà ní ọ̀nà Àpápá sí Òṣòdì, níbi tí a ti ń ta mọ́tò. Ti Òjòdú kì í ta mọ́tò; ariwo àwọn tí ń pe èrò Ìbàdàn àti Ṣágámù, àti ti àwọn tí ń ta búrẹ́dì, ni ó kún ibẹ̀. A yà sí apá ọ̀tún, a sì wọ ọ̀nà Olówóra.

Ìlú náà kò tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọ̀nà a máa gòkè, a sì máa sọ̀kalẹ̀, àwọn ilé a sì máa fara ti ara wọn bí ènìyàn tí ń wo ìran. Ilé àtijọ́ tí a fi páànù tí ó ti pọ́n bò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé alájà mẹ́ta. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ń sá bí eku láàrin wọn. Ní ìdajì òkè kan ni abẹ́rẹ́ tí ń fi gbígbóná ẹ́ńjìnì hàn fò sókè pátápátá. Èéfín funfun bò wá lójú, mọ́tò mí kanlẹ̀, ó sì dúró. Aya wa wo ojú wa, kò sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọdé tí ń bọ̀ láti ibi ìpọnmi ni ó bá wa tì í dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan lábẹ́ igi máńgòrò.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó tó ẹni ogójì ọdún ni. Ó dúró kí ẹ́ńjìnì tutù, ó fa ọ̀pá ìwọn epo yọ, ó sì fi hàn wá: epo ti dàpọ̀ mọ́ omi, ó dà bí ẹ̀kọ tí a po mọ́ epo pupa. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, mọ́tò yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàìsàn lónìí. Ó ti ń ké, ẹ̀yin ni ẹ kò gbọ́.” Òtítọ́ ni ó sọ. Rédíétọ̀ ti ń jò láti oṣù mẹ́ta, ní àràárọ̀ ni a ń da omi inú ọ̀rá sí i, a sì ń wí pé, “Yóò dé ibi tí a ń lọ.” Gásíkẹ́ẹ̀tì tí ó wà lábẹ́ orí ẹ́ńjìnì ni ó jó. Iṣẹ́ tí ó kà sílẹ̀ ni pé kí a tú orí náà, kí a gbé e lọ sí ibi tí ẹ̀rọ yóò gbé fá ojú rẹ̀ kí ó tẹ́, kí a ra gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, rédíétọ̀, àti rọ́bà omi. Owó rẹ̀, pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́, jẹ́ 320,000 náírà.

Bí a ti ń ronú, ọkùnrin kan tí ó jókòó níbẹ̀ dá sí ọ̀rọ̀ náà. Alágbàtà mọ́tò ni. Ó ní kí a má ṣe fi owó rere ṣòfò lórí òkú. Òun mọ ọgbà kan tí yóò gba mọ́tò wa bẹ́ẹ̀ ní 1,500,000 náírà, tí yóò sì fún wa ní tòkunbọ̀ ọdún 2010 bí a bá fi 5,500,000 lé e. Ó sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mọ́tò tuntun náà fi ń dán ní ojú wa. Kí a má parọ́, ọkàn wa fà sí i. Inú wa kò dùn sí ìtìjú tí ó bá wa ní ojú ọ̀nà náà.

Nígbà tí a dé ilé, tí a sì rò fún bàbá wa, kò dáhùn. Ó ní kí a jẹun, lẹ́yìn náà kí a bá òun jáde lọ sí etí odò. A wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, a sì dé ibi tí a gbé ń wo odò Ògùn. Omi ti kún, ó pọ́n bí amọ̀, ó sì ń gbé koríko àti igi lọ sí ìsàlẹ̀. Ní ọdọọdún ní àkókò yìí ni àwọn ará apá ibẹ̀ máa ń bẹ̀rù àkúnya, nítorí òjò ìparí ọdún àti omi tí a ń tú sílẹ̀ láti ìdídò Ọ̀yán, tí a ṣí ní ọdún 1983 ní apá Abẹ́òkúta. Lára ògiri àwọn ilé tí ó sún mọ́ odò, a rí ilà tí omi ọdún tí ó kọjá fi sílẹ̀. Láti òkèèrè ni ọjà màlúù Kárà wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá gígùn.

Bàbá ní, “Ọmọ mi, ìwọ mọ ìtàn ibí?” A ní a gbọ́ díẹ̀. Ó sì sọ ọ́ fún wa bí àwọn Àwórì ti ń sọ ọ́: pé Ọlọ́fin, ọdẹ tí a ń pè ní Ògúnfúnminírè, gbéra láti Ilé-Ifẹ̀ pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀; pé a gbé àwo kan lé ojú omi, wọ́n sì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, nítorí níbi tí ó bá gbé rì ni kí wọ́n tẹ̀dó sí. Ó ń léfòó lọ, wọ́n ń tẹ̀lé e. Nígbà tí ó dé Ìṣẹ̀rì, ó yí, ó sì rì. Nígbà tí a bi wọ́n léèrè àwo náà, wọ́n dáhùn pé, “Àwo ti rì,” láti inú èyí ni a sì ti mú orúkọ Àwórì. Láti Ìṣẹ̀rì ni àwọn kan tún ti lọ sí Ẹ̀búté Mẹ́ta àti Ìdó. Ìlú tí ń jẹ́ Ìṣẹ̀rì kò jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ní ilẹ̀ Àwórì, a kò sì fẹ́ dá ẹjọ́ láàrin wọn. Ìtàn náà ni a mú.

Bàbá wá wí pé, “Kíyè sí i: wọn kò dúró nítorí pé ó rẹ̀ wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò dúró nítorí pé ibì kan dára lójú. Wọ́n ń wo àwo. Ìwọ, mọ́tò rẹ, ṣé ó ti rì ni, tàbí ó yí lásán? Lọ wádìí kí o tó wá bá mi sọ̀rọ̀ owó.”

A ṣe bí ó ti wí. Ohun tí a kọ́kọ́ wádìí ni bí tòkunbọ̀ ṣe di ọba ní ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1975 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò Peugeot ní Kàdúná, àti Volkswagen ní Ọ̀jọ́ ní Èkó. Àwọn ògbólógbòó yóò rántí Volkswagen kékeré tí a ń pè ní Ìjàpá. Òṣìṣẹ́ ìjọba nígbà náà a máa ra mọ́tò tuntun. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1986, nígbà tí ìjọba yí ètò pàṣípààrọ̀ owó padà, náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já sílẹ̀, mọ́tò tuntun sì ga ju ọwọ́ lọ. Ìgbà náà ni mọ́tò tí àwọn ará Yúróòpù ti lò bẹ̀rẹ̀ sí í gba òkun wá lọ́pọ̀lọpọ̀, a sì fún un ní orúkọ ọmọ tí a bí ní ẹ̀yìn odi: Tòkunbọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn gba Kútọnu wọlé, títí ìjọba fi ṣe é ní èèwọ̀ láti ọjọ́ kìíní ọdún 2017 pé mọ́tò kò gbọdọ̀ ti orí ilẹ̀ wọlé mọ́, bí kò ṣe láti èbúté ọkọ̀ ojú omi. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni ètò owó tún yí: dọ́là kan tí kò tó 500 náírà ní báńkì kọjá 1,500 kí oṣù Kejì ọdún 2024 tó parí. Nítorí náà ẹni tí ó ra mọ́tò ní ọdún 2011 bí tiwa, tí ó sì rò pé owó kan náà ni òun yóò fi pààrọ̀ rẹ̀, ń lá àlá ni.

Ohun kejì, a lọ wo mọ́tò náà fúnra wa. Orúkọ ọgbà náà kò ní jáde lẹ́nu wa. Mọ́tò náà ń dán, inú rẹ̀ ń rùn bí òdòdó. Mẹkáníìkì Olówóra ni a bẹ̀ kí ó bá wa lọ, a sì san owó iṣẹ́ ọjọ́ kan fún un. Kò sí owó tí a ná ní ọdún náà tí ó jèrè jù ú lọ. Ó kọ́kọ́ tẹjú mọ́ nọ́ńbà tí ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú. Àmì mẹ́tàdínlógún ni nọ́ńbà náà máa ń jẹ́, nínú mọ́tò tí a ṣe fún Amẹ́ríkà, ìkẹwàá nínú wọn ni ó ń sọ ọdún: 7 ni 2007, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011. Alágbàtà ní 2010. Nọ́ńbà ní 7.

Lẹ́yìn náà ó fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ìdajì tí ó wà lóde mọ́ tónítóní. Ní ìdajì tí ó fara pamọ́, ilà amọ̀ kan wà níbẹ̀ gbọnrangandan. Ó gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè, irin abẹ́ ìjókòó ti dípẹtà. Aya wa ní, “Ilà tí a rí lára ògiri ní etí odò nìyí.” Mọ́tò náà ti wọ inú omi rí ní ìlú òkèèrè, a sì ti fọ̀ ọ́ wá fún wa. Wáyà inú irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ a máa jẹrà díẹ̀díẹ̀, àìsàn rẹ̀ kì í sì í hàn ní ọjọ́ tí a rà á. Àwọn àgbà sọ pé ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ.

Kí ẹ̀yin náà lè jàǹfààní, ẹ gbọ́ ìyókù tí ó kọ́ wa. Ẹ dé ibi mọ́tò nígbà tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ tutù. Bí ẹni tí ń tà á bá ti mú un gbóná sílẹ̀, ẹ béèrè ìdí. Èéfín aláwọ̀ búlúù ń sọ pé epo ẹ́ńjìnì ń jó. Èyí tí ó funfun, tí kò sì dáwọ́ dúró, ń sọ pé omi ń wọ ibi tí kò yẹ. Dúdú ń sọ pé bẹntiróòlù ń wọlé jù. Ẹ wo rọ́bà ẹsẹ̀ bíréèkì: bí ó bá ti gbó tán, tí aago ìrìn sì sọ pé mọ́tò kò rìn púpọ̀, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ń parọ́. Ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tí ó wà lára táyà: 2318 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2018. Ẹ béèrè ìwé àwọn aṣọ́bodè. Mọ́tò tí a kò san owó ibodè rẹ̀ lè bọ́ lọ́wọ́ yín ní ojú ọ̀nà. Bí ó bá sì jẹ́ èyí tí ọmọ Nàìjíríà ti lò ni, ẹ rí ìwé ẹni tí ó ni í kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Ohun kẹta ni ìṣírò, aya wa ni ó ṣe é. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ó mú ìwé tí ó fi ń kọ owó ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ jáde. Ó ní, “Olówó orí mi, ẹ jókòó. Owó tí ó wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa jẹ́ 2,400,000. Ta ni ó ni ín?” A dákẹ́. Ti ọmọbìnrin wa àgbà ni, tí ó ku ọdún méjì fún un ní yunifásítì. Bí a bá mú un, tí a sì tún yá 3,100,000 sí i pẹ̀lú èlé, a ó ní mọ́tò, ọmọ náà yóò sì padà wá jókòó nílé. Ó tún kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní oṣù méjìlá tí ó kọjá, 410,000 náírà ni a ná lórí àtúnṣe. Ó ní, “Kí a tilẹ̀ sọ pé 500,000 ni a ó máa ná lọ́dọọdún, ọdún mọ́kànlá ni yóò gbà kí ó tó pé 5,500,000.” A sọ nípa owó epo, nítorí bẹntiróòlù tí kò tó 200 náírà ṣáájú oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ti súnmọ́ 1,000 nígbà náà ní Èkó. Ó béèrè bóyá mọ́tò ọdún 2007, tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ tóbi bákan náà, ń mu omi ni. A rẹ́rìn-ín, ìjiyàn sì tán.

Síbẹ̀ ó ku ohun kan, òun ni a fi sọ ìtàn afárá Ọ̀tẹ́dọlá. Bí mọ́tò bá rọ̀ wá lọ́rùn ní owó ṣùgbọ́n tí ó lè pa ènìyàn, kò rọni lọ́rùn. A ní kí mẹkáníìkì gbé e sókè, kí ó wo férémù rẹ̀, bíréèkì, àti ọwọ́ ìdarí. Férémù kò dípẹtà, kò sì tẹ̀; a pààrọ̀ bíréèkì iwájú àti bọ́ọ̀lù ọwọ́ ìdarí méjì, owó náà sì di 395,000. Orí ẹ́ńjìnì lọ sí ibi tí a gbé fá a. Àwọn páàtì ni a lọ rà ní ọjà Ládípọ̀ ní Múṣín, níbi tí a ti ń ta tuntun, ayédèrú, àti àlòkù tí a ń pè ní Bẹ́líjíọ̀mù. Rédíétọ̀ Bẹ́líjíọ̀mù ni a rà, ṣùgbọ́n gásíkẹ́ẹ̀tì àti bíréèkì, tuntun ni. Ohun tí ẹ̀mí rọ̀ mọ́, a kì í ná an ní ìnákúnàá. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ni ó máa ń yọ ohun tí ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnì yóò fi gbóná tó, wọ́n a sì sọ ọ́ nù. Tiwa kọ̀, ó ní ẹni tí ó ṣe é kì í ṣe òmùgọ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà a padà lọ mú un ní Olówóra. A gun òkè tí ó ti dá wa dúró, abẹ́rẹ́ dúró ní ìdajì, kò mì. Bàbá wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, “Ó yí ni, kò tíì rì.” A ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.” Ó wá fi àmì mẹ́ta lélẹ̀ fún wa, tí a ó fi mọ ọjọ́ tí yóò rì: bí férémù bá jẹrà, bí owó àtúnṣe ọdún kan bá kọjá ìdajì iye tí a lè ta mọ́tò náà, tàbí bí bíréèkì tàbí ọwọ́ ìdarí bá tún kọṣẹ́ lẹ́yìn àtúnṣe òtítọ́. Ó ní ní ọjọ́ tí a bá rí ọ̀kan, kí a má ṣe sunkún, kí a má sì wá àwáwí. Kí a tẹ̀dó síbẹ̀, kí a sì wá òmíràn. Láti oṣù náà ni aya wa ti ń yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ lóṣooṣù sí àpótí mìíràn, fún ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin ònkàwé wa, a kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra tòkunbọ̀. Òun ni a rà ní ọdún 2011, a kò sì kábàámọ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ìtìjú ojú ọ̀nà má ṣe ra mọ́tò fún yín, kí dídán má sì ṣe tà á fún yín. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọmọbìnrin wa padà sí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n wọlé. Nínú mọ́tò náà ni a gbé e lọ, àpótí rẹ̀ wà lẹ́yìn, àpò ata ìyá rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.